Bí Ehoro Ọmọ Bá Kú Lójijì
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, Prince George's County, Maryland

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Nílé, ẹran ìgbẹ́ ni ehoro, tàbí ẹran ọ̀sìn tí à ń tà. Níhìn-ín, láti Hyattsville títí dé Bowie, àwọn ọmọ wa ń sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ń bá a ṣeré. Lọ́jọ́ kan wọ́n á jí, wọ́n á bá a tó ti kú. Ó jẹun lálẹ́ àná. Kí ló pa á?

Àwọn kan nínú wa á ní, "Ẹranko lásán ni, a ó ra òmíràn." Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó wọlé lánàá. A mọ òwe náà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi òwe yìí sílẹ̀ níbí, ká wo ohun tí àwọn dókítà ẹranko mọ̀.

Ehoro máa ń fi àìsàn pamọ́, nítorí ẹranko tí àwọn mìíràn ń pa jẹ ni. Kì í lè bì. Bí inú rẹ̀ bá dá iṣẹ́ dúró, ó lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ooru tó ju 85 Fahrenheit lọ léwu fún un, ẹ sì mọ bí oṣù Júláì ti rí níbí. Àrùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní RHD. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1984. Ẹ̀yà rẹ̀ kejì yọ ní Faransé ní 2010. Ní 2020, ó pa ehoro ní ìpínlẹ̀ Kwara nílé. Lọ́dún kan náà ó ń pa ehoro inú ìgbẹ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Kì í ran ènìyàn, kì í ran ajá, ṣùgbọ́n bàtà wa lè gbé e wọlé, ó sì lè pa ehoro láìfi àmì kankan hàn. Láti 2021 ni ìjọba ti fàyè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra wọn, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹranko yín.

Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú náà. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù méjì wé e, ẹ gbé e síbi tútù tí oúnjẹ kò sí, kí ẹ sì pe dókítà kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi. Ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Maryland ní ibi àyẹ̀wò ní Frederick tí wọ́n ti ń yẹ òkú ẹranko wò. Nígbà mìíràn wọn kì í rí nǹkan kan. Ẹ sọ ìyẹn náà fún ọmọ bó ṣe rí.

Ẹ sọ fún un pé, "Ó kú." Ẹ má sọ pé ó sùn, kí ẹ̀rù oorun má baà bà á. Ẹ má sọ pé ó rìnrìn àjò. Kí ni yóò rò lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó? Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rò pé àwọn ló fà á. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Ẹ jẹ́ kó sunkún, kó dágbére. Ẹ má sáré ra òmíràn: kòkòrò RHD lè wà lára àgò ehoro fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọkàn ọmọ náà sì ń fẹ́ àyè.

Ẹ̀yin òbí, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò sí níbi ìsìnkú bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà wọn. Fóònù a dún lóru, àwa a máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ nínú yàrá. Ó lè jẹ́ pé ikú ehoro yìí ni wọn óo kọ́kọ́ fojú rí. Bí a bá sọ òótọ́ fún wọn lórí rẹ̀, wọn óo gbà wá gbọ́ nígbà tí èyí tó tóbi bá dé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí Olódùmarè dá ọmọ sí fún wa.