Táǹkì Epo Tí Mo Rà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó fi earpiece sétí níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀, gbogbo yín ni mo kí. Lónìí, ọ̀rọ̀ owó tí mo fi ṣòfò ni mo fẹ́ sọ, àti bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ilé ara mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé mo ń to ọkọ̀ kan nínú gáréèjì mi níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kit car ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kó egungun ọkọ̀ àti páànù ara rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tò ó. Tèmi fi ara jọ Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957: ọkọ̀ pẹlẹbẹ, ìjókòó méjì péré. Ní 1996, Ron Champion kọ ìwé kan tó fi kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù kọ irú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní gáréèjì àti sùúrù lè gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ò ṣòro rí. Táyà wà níbi gbogbo. Táǹkì epo ló fún mi ní wàhálà. Àyè tó wà lẹ́yìn ìjókòó mi ò gba táǹkì ọkọ̀ kankan tí mo rí. Àfi kí n lọ ní kí wọ́n ṣe é fún mi.

Kí ni mo ṣe? Mo bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Mo fi ìwọ̀n ránṣẹ́: 70 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 30 ní fífẹ̀, 20 ní gíga. Ẹ ṣírò ẹ̀ lórí fóònù yín: 70 lọ́nà 30 lọ́nà 20, kẹ́ ẹ pín in sí 1,000. Lítà 42 nìyẹn. Ọkùnrin náà ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Inú mi tiẹ̀ dùn pé kò yọ mí lẹ́nu.

Táǹkì dé, ó ń dán bíi dígí. Mo gbé e síbẹ̀, kò wọlé. Mo ti gbàgbé ọrùn tí wọ́n á máa gbà da epo sí i, mo gbàgbé orí àwọn bóòtù. Mo fi tipátipá tì í wọlé. Mo da lítà 10 sí i kí n lè dán ẹ́ńjìnnì wò lọ́jọ́ kejì, mo ti gáréèjì, mo lọ sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìyàwó mi jí mi. "Bàbá Ìrètí, òórùn kí nìyí?"

Epo bẹntiróò ni. Yàrá tí Ìrètí ọmọ ọdún mẹ́rin ń sùn sí ló sì wà lórí gáréèjì náà gan-an. Bẹ́ẹ̀, fìríìjì ẹran wa wà ní igun ibẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀, ó ń pa ara rẹ̀. Ẹ̀ta iná kékeré kan péré ló kù. A gbé ọmọ jáde, mi ò fọwọ́ kan swíìṣì kankan, mo pe panápaná látìta. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló ń ro tó, tó, tó. Bóyá títì tí mo tì í ló bà á jẹ́, bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá, mi ò lè mọ̀ láéláé, torí mi ò dán an wò kí n tó da epo sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe bàbá mi lórí WhatsApp. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ jórinjórin ní Mushin. Mo ní, "Dádì, mo fẹ́ yá ẹ̀rọ kí n fi jó ojú ibi tó ń jò."

Wọ́n pariwo mọ́ mi: "Má dán an wò! Ṣé epo tó o ń rí lo rò pé ó ń pani? Atẹ́gùn epo ni. Táǹkì tí wọ́n da epo inú ẹ̀ nù léwu ju èyí tó kún lọ. Mo mọ ẹni tó jó táǹkì òfìfo. Mo wà lára àwọn tó gbé e lọ sílé ìwòsàn." Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ má bàa ra tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́, páálí. Mo fi páálí ṣe odidi táǹkì náà, tọrùn tọrùn, mo gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé e kó tó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Páálí ni mo gbé fún jórinjórin tuntun, kì í ṣe nọ́ńbà lásán.

Èkejì, ìbéèrè. Òun ló kọ́kọ́ bi mí, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọṣẹ́. Ó ní àlùmíníọ́ọ̀mù 5251 oní mílímítà 3 lòun máa lò. Ó ní ṣé mo fẹ́ ògiri nínú rẹ̀? Epo lítà 42 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 31. Tẹ́ ẹ bá yà ní kọ́nà, gbogbo rẹ̀ á ya lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pọ́ǹpù á fa atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì á sì kọsẹ̀. Ògiri oníhò tó wà nínú ló ń dá a dúró. Ó ní ibo ni táǹkì á ti máa mí? Tí kò bá rí atẹ́gùn fà, epo ò ní jáde dáadáa. Ihò yẹn sì gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó máa dí i tí ọkọ̀ bá dojú dé. Ó ní irú géèjì wo ni mo ní? Tí iye ohm géèjì àti ti flóòtì inú táǹkì ò bá bára mu, irọ́ ni géèjì á máa pa fún yín.

Ẹ̀kẹta, rọ́bà epo. Láti September 2021, E10 ni epo bẹntiróò tó wọ́pọ̀ níbí, ethanol inú ẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100, ó sì máa ń jẹ àwọn rọ́bà àtijọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ R9 sí lára.

Ẹ̀kẹrin, ìdánwò, kí epo tó kàn án rárá. Ó dí gbogbo ihò, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, bíi psi 2, ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tó jó. Tó bá hó, ó ń jò nìyẹn. Ó ká gbogbo rẹ̀ sí fídíò.

Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n táwọn méjèèjì bá pé, ẹ̀yin náà mọ èyí tó wọ́n jù. Ní báyìí, ìdánwò IVA tí ọkọ̀ àfọwọ́tò gbọ́dọ̀ yege kó tó gba nọ́ńbà ló kù.

Dádì mi ò béèrè fọ́tò ọkọ̀ rí. Fídíò omi ọṣẹ yẹn ni wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ẹni yìí mọṣẹ́. Gbé fìríìjì yẹn kúrò níbẹ̀ náà."

Mo ti gbé e. Ó dìgbà kan ná o.