Ẹ Má Tètè Dá Gọ́fánọ̀ Lẹ́bi



Mẹkáníìkì ni mí. Gọ́fánọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, kì í ṣe gómìnà tó wà ní Aláúsá o!

Gọ́fánọ̀ ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Bí katakata bá kan ilẹ̀ líle, á fi epo kún un. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, á dín in kù.

Wọ́n pè mí sí oko kan lọ́nà Àgbádárìgì. Ẹ́ńjìnnì katakata àtijọ́ kan ń ké sókè, ó ń rẹlẹ̀, kò dúró sójú kan. Ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní gọ́fánọ̀ ló bàjẹ́, owó ńlá ló sì bù lé olóko. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ìdọ̀tí ti dí fíltà epo. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tú atẹ́gùn inú páìpù epo jáde. Mo fi òróró sí ọ̀pá tó wọ pọ́ǹpù, nítorí ó ń há. Ẹ́ńjìnnì balẹ̀.

Bí jẹnẹrétọ̀ ilé yín náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí síkúrù gọ́fánọ̀ láti fipá mú un sáré: iná á pọ̀ jù, á jó fíríìjì, ẹ́ńjìnnì tí kò ní ìjánu sì lè fọ́, kó ṣe èèyàn léṣe.

Nínú ẹgbẹ́ wa náà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wa bá ń ṣe ségesège, ká wo ohun kékeré tó há a kí a tó ní ó ti bàjẹ́.