Ẹ wo ẹpọ̀n ọmọkùnrin yín



Ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun ni mo mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má tijú. Bí a bá tijú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ wa ni yóò jìyà rẹ̀.

Nígbà tí ọmọkùnrin bá wà nínú oyún, inú ikùn rẹ̀ ni kóró ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì máa ń wà. Bí ó ti ń dàgbà, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àpò ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú ọmọkùnrin 100 tí oṣù wọn pé, bíi 3 ni a máa ń bí tí ọ̀kan tàbí méjèèjì kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Nínú 100 tí oṣù wọn kò pé, wọ́n lè tó 30.

Kí ló ń fà á? Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ìyá jẹ èèwọ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àti ọmọ tó kéré jù nígbà tí a bí i. Ó tún wọ́pọ̀ bí ìyá bá ń mu sìgá, tàbí bí ó bá ní àtọ̀gbẹ. Ibà sì lè mú kí ọmọ inú kéré, tàbí kí a bí i láìpé oṣù.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún, ẹ máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ tètè lọ sí ilé ìgbẹ̀bí fún àyẹ̀wò. Ẹ lo oògùn ibà tí agbẹ̀bí bá fún yín.

Bí ẹ bá bí ọmọkùnrin, ẹ ní kí agbẹ̀bí wo ẹpọ̀n rẹ̀. Nílé, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wò ó, nítorí òtútù máa ń fa kóró ẹpọ̀n sókè. Ẹ má fà á. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn kí oṣù 6 tó pé. Bí oṣù 6 bá pé tí kò sọ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Iṣẹ́ abẹ ni yóò fi mú un sọ̀ kalẹ̀. Ó dára kí a ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù 18. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè ṣòro fún un láti bímọ lọ́jọ́ iwájú. Àrùn jẹjẹrẹ sì lè mú kóró náà.

Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀, kí ẹ máa ka oṣù rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bá ìyàwó yín jà. Ẹ jọ gbé ọmọ náà lọ.