Ìfun Tó Ṣẹ́kù: Omi, Iyọ̀ àti Oúnjẹ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Inú

 Ó yẹ kí olùbánisọ̀rọ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ gbogbo ohun tó fẹ́ mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n èrò inú gbọ̀ngàn yìí kì í ṣe ọmọdé. Ẹ mọ ìfun kékeré, ẹ mọ ìfun ńlá. Kékeré gùn tó nǹkan bíi mítà 6 lára àgbàlagbà, òun ló ń fa oúnjẹ sára. Ńlá ò ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ, òun ló ń fa omi tó kù. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá fi yé yín: ìfun tí wọ́n gé kì í ṣe ìfun tó dọ̀tí, kì í sì í ṣe ìfun tó bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà, ibi tí abẹ gbà ló sì ń sọ bí ó ṣe yí padà. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n gé lára òun kò lè mọ ohun tó yẹ kí òun jẹ tàbí kí òun mu.

Kí n tó débẹ̀, ìjà àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tí a ò lè fò dá. Àwọn kan gbà pé ìdọ̀tí ló kún inú ènìyàn, pé àfi ká máa fọ̀ ọ́ jáde lóòrèkóòrè, àti pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló nílò ìfọ̀mọ́ náà jù lọ. Ẹ má rò pé àwọn alágbo ìdíkọ̀ nìkan ló ni èrò yìí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbé ẹ̀wù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọ̀ ọ́. William Arbuthnot Lane, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ní Guy's Hospital ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ń kéde pé ìgbẹ́ tó bá pẹ́ nínú ìfun ńlá ń da májèlé sínú ẹ̀jẹ̀, pé òun ló ń fa àárẹ̀, orí fífọ́ àti ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn. Kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ń gé ìfun ńlá kúrò lára àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ, tí kò ní egbò níbẹ̀, tí ẹ̀sùn wọn kò ju àìrígbẹ́yà lọ. Élie Metchnikoff, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1908, náà gbà pé ìfun ńlá kò wúlò fún ọmọ ènìyàn mọ́. Ọdún 1919 ni Walter Alvarez, oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo wọn ti béèrè: bó bá jẹ́ pé májèlé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ni, èé ṣe tí orí fífọ́ náà fi ń lọ kíá tí ènìyàn bá ti yàgbẹ́ tán? Májèlé kì í kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìgbẹ́ tó na ògiri ìfun ló ń ni ènìyàn lára, kì í ṣe májèlé. Èrò Lane kú láàárín àwọn oníṣègùn, ṣùgbọ́n kò kú láàárín wa. Àwọn àgbà tó wà níbí ò ní gbàgbé kásítọ̀ ọ́ìlì tí wọ́n ń rọ sí ọmọ lẹ́nu nígbà ọlidé, bẹ́ẹ̀ ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ṣì ń tà wàràwàrà ní gbogbo gáréèjì. Ẹnìkan lè sọ pé ogún ìbí wa ni àgbo, pé mo wá ń fi ojú òyìnbó wò ó. Rárá o. Ewé kọ́ ni mò ń bá jà. Oògùn ìyàgbẹ́, ìbáà ṣe láti inú ìgò fámásì ìbáà ṣe láti orí àtẹ, omi àti iyọ̀ ló ń gbọ̀n jáde lára. Ẹni tí ìfun rẹ̀ pé á fara dà á. Ẹni tí kò ní ìfun ńlá mọ́ kò ní ohun tí yóò fi gbà á padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àgbàlagbà ń mu nǹkan bíi lítà 2 lójúmọ́. Itọ́, omi inú ikùn, òróòro àti àwọn omi mìíràn tí ara fúnra rẹ̀ ń tú sínú oúnjẹ tún tó nǹkan bíi lítà 7. Lítà 9 ló ń wọ ìfun kékeré lójoojúmọ́! Ó ń fa èyí tó pọ̀ jù padà, lítà 1.5 sí 2 a sì ṣẹ́kù dé ìfun ńlá, tí òun náà á fa tirẹ̀ títí tí kò fi ní ju mílílítà 100 sí 200 lọ nínú ìgbẹ́. Bí wọ́n bá wá fa ẹnu ìfun kékeré yọ sára ikùn, tí nǹkan ń jáde sínú àpò láì dé ìfun ńlá, ohun tó ń jáde lójúmọ́ lè ju lítà kan lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀, ìfun tó ṣẹ́kù yóò gbé iṣẹ́ náà mọ́ra. Awọ inú rẹ̀ á nípọn sí i, ọwọ́ ìfàmọ́ra rẹ̀ á gùn sí i, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀, àní ọdún méjì. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó ń jáde máa ń rọlẹ̀ sí nǹkan bíi mílílítà 500 sí 800. Àwọn tí tiwọn kò rọlẹ̀, tó ń kọjá lítà 1.5 lójúmọ́, àti àwọn tí ìfun kékeré wọn kúrú jọjọ, ni kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Òùngbẹ á gbẹ wọ́n, wọn á máa mu omi inú ọ̀rá lórí omi inú ọ̀rá, bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré kò lè di omi lásán mú. Ńṣe ni iyọ̀ á máa tú láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá omi náà nínú ìfun, tí àwọn méjèèjì á sì jọ jáde. Bí wọ́n ti ń mu ni àpò ń kún, bí àpò ti ń kún ni òùngbẹ ń pọ̀ sí i. Ìtọ̀ á dín kù, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òòyì á máa kọ́ wọn, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà, tó bá sì pẹ́, kíndìnrín á fara gbá a. Mo rí i pé àwọn kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti ń wo fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ẹ̀mí wà la dé yìí.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Robert Crane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló là á yé ayé ní Prague lọ́dún 1960 pé iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń wọ ara ìfun pọ̀ ni. Tí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1971, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa àwọn tí ogun Bangladesh lé dé àgọ́ Bangaon ní Íńdíà, oníṣègùn Dilip Mahalanabis fi omi iyọ̀ àti ṣúgà tọ́jú wọn, ikú tó ń mú nǹkan bíi 30 nínú 100 sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 4. Omi yìí kan náà ló wúlò fún àwọn tí mò ń bá wí. Èyí tí ilé ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò rọrùn: lítà omi kan, gíráàmù 20 ṣúgà gúlúkóòsì, gíráàmù 3.5 iyọ̀, gíráàmù 2.5 sódà ìdáná (sodium bicarbonate). Kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, kí wọ́n sì dín omi lásán kù bí dókítà bá ṣe júwe. Ẹlẹ́rìndòdò kò lè rọ́pò rẹ̀, torí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù, iyọ̀ rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ńṣe ló ń tún omi fà sínú ìfun. Mo mọ àtakò tó ń bọ̀. Ẹ ó ní àwa kan náà la sọ fún yín pé iyọ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Òótọ́ ni, fún ẹni tí ara rẹ̀ ń pa iyọ̀ mọ́. Ẹni tí iyọ̀ ń dà sínú àpò rẹ̀ tọ̀sán tòru kò sí nínú àwọn tí ìkìlọ̀ náà wà fún. Tó bá jẹ́ pé ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, tó sì ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kí ó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ fún un, nítorí oògùn náà lè ti di ewu fún un.

Omi àti iyọ̀ kọ́ nìkan ni ìfun tí wọ́n gé lè mú lọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, taifọ́ọ̀dù wà lára ohun tó ń gbé ọmọdé àti ọ̀dọ́ dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tí ibà náà bá ti lu ìfun wọn. Ìparí ìfun kékeré ló sábà máa ń lu. Bí wọ́n bá kàn rán ihò náà, ìfun ṣì pé. Bí wọ́n bá gé púpọ̀ kúrò níbẹ̀, nǹkan méjì lọ pẹ̀lú rẹ̀: ibẹ̀ nìkan ni ara ti ń fa fítámì B12, ibẹ̀ náà ni òróòro ti ń padà sí ẹ̀dọ̀. Àìtó B12 lè má fara hàn fún ọdún mélòó kan, torí ẹ̀dọ̀ ti tọ́jú díẹ̀ pa mọ́. Abẹ́rẹ́ ló ń dí i, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Òróòro tó bá ya sínú ìfun ńlá ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ọbẹ̀ olóròóró ń dá kún un, oògùn cholestyramine sì wà fún un. Ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ, ẹ ṣé tí ẹ gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé tí aláìsàn ń mú relé: ibo lẹ gé, báwo ló ṣe gùn tó, kí ló kù. "Máa jẹ ohun tó bá wù ọ́" kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Oúnjẹ àwọn tó ń gbé àpò ńkọ́? Ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀bà ń mú ohun inú àpò ki. Àgbàdo sísè, àgbọn, ẹ̀pà àti awọ funfun inú ọsàn lè dí ẹnu ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, torí náà kí wọ́n dúró, tó bá yá kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa. Ata ń mú ìfun yára. Mílíìkì kì í bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa lára mu láti ilẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ kó hàn sí i. Ẹ̀fọ́ tí a ń yìn fún gbogbo ayé, ẹ jẹ́ kó wà ní sísè rọ̀ ná.

Alága ti ń wo aago, nítorí náà mo fẹ́ sáré. Ẹni tí wọ́n gé ìparí ìfun ńlá rẹ̀ nítòsí ìdí á máa yàgbẹ́ léraléra, ìgbẹ́ á máa jí i lóru, nítorí ibi tí ìgbẹ́ ń dúró dè ni wọ́n mú kúrò. Ó sábà máa ń dẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, lílo oògùn loperamide ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, kí dókítà fọwọ́ sí i ni. Ẹni tó ń gbé àpò lè kírun: ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ẹ̀sìn Mùsùlùmí fi í sí ipò ẹni tí nǹkan ń jáde lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí yóò máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ààwẹ̀ ni kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó gbà á. Èyí tó kẹ́yìn: inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀, ikùn wíwú, èébì, tí ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ ò jáde rárá, àpá inú ló lè ti lọ́ ìfun pọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì, ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹwàá. Ẹnikẹ́ni má fún ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àgbo, ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.