Orúkọ Tí Oníbàárà Ń Pe Ọjà Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n ṣàlàyé bí wẹ́bùsáìtì ẹni tó ń tajà ṣe lè hàn lókè lórí Google láìsan owó ìpolówó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì rárá. Ẹni tó bá ń kiri ẹ̀wà ní Barakallahu yìí mọ̀ pé bí òun bá ń ké "ẹ̀wà" nìkan, Hausa tí ebi ń pa yóò jókòó sílé rẹ̀. "Wake" ló yẹ kó máa ké.

Ẹ wo àwa tí a ń ta aṣọ. A kọ "aṣọ òkè Ìsẹ́yìn" sórí wẹ́bùsáìtì wa pẹ̀lú àmì ohùn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ "aso oke" tàbí "asoke" lórí fóònù wọn. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí London lè má mọ orúkọ aṣọ náà. "Yoruba wedding dress" ni yóò tẹ̀. Àwọn Hausa tó wà láàárín wa níbí ńkọ́? Ẹni tó ń wá ẹrù tí ọkọ máa ń kó ránṣẹ́ sí ìyàwó yóò tẹ "kayan lefe". Léèsì, àǹkárá, bàtà àti báàgì tó kún ṣọ́ọ̀bù wa náà ni wọ́n ń wá! Google lè mọ̀ pé "asoke" àti "aṣọ òkè" jọ ara wọn, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ "lefe" síbì kankan, báwo ni yóò ṣe júwe wa?

Ibo la ti ń rí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Ẹ tẹ "aso oke" sínú Google, kí ẹ dúró, kí ẹ má tíì wá a. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jáde nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn mìíràn ti ń béèrè. Google Trends, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, máa ń fi hàn láti 0 dé 100 ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan gbóná ní Nàìjíríà. Kì í sọ iye ènìyàn. Keyword Planner ń sọ iye, àmọ́ ẹni tí kò náwó ìpolówó yóò rí àfojúbù nìkan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Search Console, nítorí ó ń fi ọ̀rọ̀ tó gbé wẹ́bùsáìtì tiyín jáde hàn yín, àti iye ìgbà tí wọ́n rí yín tí wọ́n kọjá lọ. Kò sì sí èyí tó ju ìwé kékeré tí ẹ fi ń kọ ìbéèrè oníbàárà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ ṣọ́ra o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan n óò di ẹni àkọ́kọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó to ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sí ibi tó fara sin nínú wẹ́bùsáìtì mi. Bẹ́ẹ̀ ni Google ti kéde láti September 2009 pé àwọn kì í wo ibẹ̀ rárá láti to ẹnikẹ́ni. Google tún sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ipò kìíní. Owó mi lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni pé mo kọ ojú ewé kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: iye owó, àwọ̀, ọjọ́ tí a lè kó o dé, àti "Kaduna" gan-an, kì í ṣe "Nigeria" nìkan. Ó gbà mí lóṣù díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ wo tirẹ̀, kó mú fóònù rẹ̀ wá lẹ́yìn oúnjẹ.