Ihò Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ẹ ní kí a wá sọ nípa ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Èjìgbò, ojú kọ́kọ́ tì wá, nítorí ògbólógbòó ni gbogbo èyí tí a ní. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó náà gan-an ni a fẹ́ gbèjà.

Bí a bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, a ó rí ojú gbọọrọ kan tí ó ní ihò 25. Parallel port ni Òyìnbó ń pè é. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ti ń bá kọ̀ǹpútà IBM rìn láti 1981. Mẹ́jọ nínú ihò wọ̀nyí, láti ìkejì dé ìkẹsàn-án, ni kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ̀ ju ohun méjì lọ: kí iná wà, tàbí kí iná má sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín bí àlùfáà bá dárúkọ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé, ìdí nìyí tí Odù fi jẹ́ 256. Wáyà mẹ́jọ yìí náà, àṣẹ 256 ni wọ́n lè gbé, láti 0 dé 255. Ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó sì ń yé àwọn ọmọ ju ohun tí ìwé wí lọ.

Wáyà kìn-ín-ní ń jẹ́ 1, ìkejì 2, ìkẹta 4, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ìlọ́po méjì títí dé 128. A so iná wínníwínní tí à ń pè ní LED mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi resistor sí i láàárín kí agbára má baà pọ̀ jù, a sì dá wáyà padà sí ọ̀kan nínú ihò 18 sí 25. Ọmọ kan tẹ OUT 888, 5 ní èdè BASIC. 888 ni ojúlé tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fún ojú yìí. Iná kìn-ín-ní àti ìkẹta tàn, nítorí 1 àti 4 ni 5. Ariwo tí wọ́n pa, ẹni tó wà níta yóò rò pé ejò ni ó wọ yàrá.

Ihò 10, 11, 12, 13 àti 15 ni etí rẹ̀. A fi ike tí ń léfòó sínú àgbá omi òjò. Bí omi bá kún, ike a gbé súìsì pàdé, súìsì a so ihò 13 mọ́ wáyà ìpadà, kọ̀ǹpútà a sì ka ìyípadà náà ní ojúlé 889. Ihò 11 nìkan ni alágídí: òdìkejì ohun tí a bá sọ fún un ni ó ń jẹ́.

A kò ní fi àṣìṣe wa pamọ́. A so mọ́tò fáànù kékeré mọ́ ọn tààrà, láìfi transistor tàbí relay ṣe alágbàwí; ojú náà jóná, kò dáhùn mọ́ títí di òní.

Kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú yìí mọ́. USB ti gba ipò rẹ̀, kò sì rọrùn fún ọmọ láti so wáyà kan mọ́ ọn kí ó sì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan yóò ní kí a ra Arduino, pátákó kékeré tí ó jáde ní Ítálì ní 2005. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ni a ó fi rà á. Àwọn tí a ń kọ́ yìí ni yóò di olùkọ́ ní àwọn ìletò wa. Bí wọn kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí, àwòrán ojú pátákó ni wọn yóò fi kọ́ ọmọ yín.

Nítorí náà, bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ tábìlì yín, ì báà ṣe ní Èjìgbò, ní Màsífà tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹ ránṣẹ́ sí wa, a ó wá gbé e. Ẹ sì jẹ́ kí okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ bá a wá, nítorí òun ni a ń gé lò.