Ẹja Inú Ewé: Ìpín Aboyún Kò Gbọdọ̀ Sọnù

    

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Oúnjẹ náà kì í ṣe àjèjì. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja ni, èyí tí a fi ewé eéran pọ́n. Ẹ lè máa sọ lọ́kàn yín pé, "Nọ́ọ̀sì yìí, ta ni kò mọ mọ́ínmọ́ín sè ní Abẹ́òkúta?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń sè é nìkan ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ewé kan ṣoṣo fi lè ran aboyún lọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà gbẹ.

Ìyá ẹlẹ́ja tí kì í jẹ ẹja

Ìyá kan wá sí kíláínìkì nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà. Oyún kẹta rẹ̀ ni. Ẹja yíyan ló ń tà. Nígbà tí mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí òwú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà kò pọ́n. Ó ní bí òun bá gun òkè díẹ̀, àyà òun a máa já, òun a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rò pé bí oyún ti ń rí nìyẹn. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Èyí tó bá ti rẹlẹ̀ ju 33 lọ lára aboyún, a kì í fojú fò ó.

Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ máa ń jẹ ẹja?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, èmi tí mò ń tà á?"

Mo yí ìbéèrè náà padà. Mo ní, "Ẹja tí ẹ sè lálẹ́ àná, báwo ni ẹ ṣe pín in?"

Ó fi ìka kà á fún mi. Orí ẹja, ti bàbá ilé ni. Àárín rẹ̀, ti ìyá ọkọ àti ti àbúrò ọkọ tó wá kí wọn. Ìrù rẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì pín in. Mo ní, "Tiyín ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Omi ọbẹ̀ tó èmi."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi obìnrin yìí ṣẹ̀sín. Mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ọkọ rẹ̀ kò burú. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò burú. Kò sí ẹni tó fi oúnjẹ dù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìgbákọ lọ́wọ́ tó sì pín in. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé obìnrin rere a máa fún gbogbo ilé kó tó ro ti ara rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n nígbà oyún, bí a bá fi ìpín ìyá tọrẹ, ti ọmọ inú rẹ̀ náà ti bá a lọ.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe fún aboyún

Ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lọ bá ọmọ inú. Kí ẹ̀jẹ̀ tó lè pọ́n dáadáa, ó nílò èròjà kan tí a ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń fà á lára ìyá rẹ̀. Bí ìyá kò bá jẹ ohun tí yóò fi dípò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ibà àti aràn inú náà tún ń dá kún un.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ó máa ń rẹ ìyá nígbà gbogbo. Ọmọ lè kéré jù, a sì lè bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí obìnrin tó ń bímọ tí ẹ̀jẹ̀ kì í dà lára rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé lè pàdánù díẹ̀, kó sì dìde jókòó fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n kan náà lè dá a wó. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa àwọn abiyamọ jù lọ ní ilẹ̀ wa àti ní gbogbo ayé.

Ìdí tí mo fi yan ẹ̀wà àti ẹja

Ẹ̀wà ní áyọ́ọ̀nù, ó sì ní èròjà amúaradàgbà. Ṣùgbọ́n ara kì í tètè gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà bí a bá jẹ ẹ́ lásán. Bí a bá fi ẹja tàbí ẹran sí i, ara a gbà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá wá jẹ ọsàn lé e, ó tún dára sí i. Ẹja títọ́ọ̀sì àti ṣáwá ní òróró tó dára fún ọpọlọ àti ojú ọmọ inú. Kì í ṣe ẹja olówó ńlá ni mò ń wí. Ṣáwá kò kéré níyì sí ẹja ńlá. Ẹja tútù inú odò wa náà dára, ìbáà ṣe ti Odò Ògùn tàbí ti adágún Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ìdídò rẹ̀ ní ọdún 1983.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí ọ̀rọ̀ ewé. Nínú ìkòkò ọbẹ̀, ẹja gbogbo ilé wà lójú kan, ẹni tó mú ìgbákọ ló ń pín in, ìyàwó ilé ló sì máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín, kí a tó gbé e kaná ni a ti pín in. Ẹja oníkálùkù ti wà nínú ewé tirẹ̀. Kò sí àlejò tí yóò dé tí a ó tú ewé ẹlòmíràn nítorí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pọ́n ti aboyún lọ́tọ̀, ẹ fi ẹja sí i kó tó, kí ẹ sì sàmì sí i. Ìpín rẹ̀ kò ní sọnù mọ́.

Bí a ó ṣe sè é

Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí yóò tó ewé 10, ìyẹn fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún:

Ẹ̀wà, agolo mílíìkì 3
Ẹja títọ́ọ̀sì 2, tàbí ṣáwá 5
Tàtàṣé 3 àti ata rodo 1 tàbí 2
Àlùbọ́sà 2
Epo pupa tàbí òróró, ìgbákọ kékeré 1
Ẹyin sísè 2 tàbí 3, bí agbára bá ká a
Iyọ̀ díẹ̀, èyí tó ní áyódíìnì nínú
Ewé eéran

1. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ẹ má ra ẹ̀wà tó ń rùn bí oògùn kòkòrò.

2. Ẹ fọ ẹja mọ́. Ẹ fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ yọ egungun rẹ̀ dáadáa, pàápàá ti ṣáwá. Ẹ má da omi ẹja náà nù.

3. Ẹ lọ ẹ̀wà, ata àti àlùbọ́sà pọ̀ kí ó kúnná. Ẹ fi omi ẹja tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó, ẹ da epo sí i, kí ẹ sì rò ó dáadáa. Kí ó má ki jù, kí ó má sì ṣàn bí omi. Ẹ rọra fi iyọ̀ àti mágì sí i, pàápàá bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru.

4. Ẹ fọ ewé, ẹ nù ún lójú àti lẹ́yìn. Ẹ gé igi rẹ̀, kí ẹ to igi náà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Ẹ ká ewé méjì pọ̀ bí òkòtó, ẹ bu ẹ̀wà sí i, ẹ ki ẹja bọ̀ ọ́, ẹ pa á dé.

5. Ti aboyún, ẹ fi ẹja ìlọ́po méjì sí i pẹ̀lú ẹyin. Ẹ fi òwú dì í, tàbí kí ẹ ki igi ewé bọ̀ ọ́ lórí, kí gbogbo ilé lè dá a mọ̀.

6. Ẹ fi omi díẹ̀ sí ìkòkò, ẹ tò ó, ẹ dé e, ẹ sè é fún bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí 1. Ẹ máa wo omi rẹ̀ kó má gbẹ.

Bí ewé kò bá sí, abọ́ tánganran tàbí agolo mímọ́ tí kò dógùn-ún dára. A kò gbà yín níyànjú láti sè é nínú ọ̀rá, nítorí ooru iná lè mú kí èròjà tí kò yẹ jáde lára ọ̀rá wọ inú oúnjẹ.

Ẹ lè fi ẹ̀kọ tàbí gàrí jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ọsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má mu tíì tàbí kọfí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù. Kí ó tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún. Bí kò bá sí fíríìjì nílé, ẹ sè é níwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó bá ti kan, ẹ dà á nù.

Àwọn kan nínú yín tó ní óófùn máa ń fi ìyẹ̀fun wé ẹja bí wọ́n ti ń wé míìtì páì, wọn a sì yan án. Kò burú rárá, ó sì yá láti ṣe. Ìpín oníkálùkù wà nínú tirẹ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀wà. Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dín bọ́tà rẹ̀ kù.

Èèwọ̀ tó ń dín oúnjẹ aboyún kù

Wọ́n ní aboyún tó bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ yóò máa da itọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fojú kan ìgbín rí náà ń da itọ́, nítorí kò tí ì mọ bí a ti ń gbé e mì, tàbí nítorí eyín fẹ́ hù. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè. Bí ẹja kan bá jẹ́ èèwọ̀ ìdílé yín, kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ mú irú mìíràn. Bí òórùn ẹja bá ń rìn yín lọ́kàn, ẹ fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ tàbí ẹyin sí i títí ara yóò fi gbà á.

Oúnjẹ kò rọ́pò oògùn

Mo fẹ́ kí èyí yé yín yékéyéké. Mọ́ínmọ́ín kì í ṣe oògùn. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí aboyún lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú fọ́líìkì ásíìdì, kí ó sì rí àwọn olùtọ́jú ìgbà 8 kó tó bímọ, kí èyí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Bí oògùn náà bá jẹ́ kí ìgbẹ́ yín dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Bí ó bá ń rú inú yín sókè, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má kó o pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó bá ní àrùn fọ̀níkúfọ̀larùn kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lò ó. Ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ sì gba oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún ní kíláínìkì.

Bí àyà bá ń já, bí mímí bá ń nira, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara, ẹ má dúró di ọjọ́ kíláínìkì. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Láti 1895 ni ilé ìwòsàn Sacred Heart ti wà ní Láńtòrò. Àwa Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí a má jẹ́ kí ó pẹ́ kí a tó gbà á.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí

Bí ẹ bá bi aboyún pé, "Ṣé ò ń jẹun dáadáa?" bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn. Ẹ bi í pé, "Báwo ni ẹ ṣe pín ẹja àná?" Ìdáhùn rẹ̀ yóò fi ohun tí ojú kò rí hàn yín. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò nígbà gbogbo tó bá wá. Bí ìyá ọkọ bá tẹ̀ lé e wá, ẹ má lé e síta. Ẹ pè é wọlé, ẹ kí i bó ti yẹ, kí ẹ sì bá a sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo ṣe fún ìyá ẹlẹ́ja nìyẹn. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ń lò ó. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú ìyá ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n sì wá. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín." Láti ọ̀sẹ̀ náà, ìyá àgbà ló ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ó ń fi òwú dúdú dì í. Ó ní kò sí ọmọ tó láyà láti tú òwú òun. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́sàn-án, PCV rẹ̀ ti di 31. Ó bí ọmọbìnrin. Ẹ̀jẹ̀ dà díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, àwọn agbẹ̀bí tètè dá a dúró, a kò sì wá ẹ̀jẹ̀ kiri láti fà sí i lára. Ó dìde, ó sì fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹ tó pa ewé dé, ẹ bi ara yín pé: èwo ni ti aboyún? Ẹ fi ẹja sí i. Ẹ sàmì sí i. Kí ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ó bí tibi tire. Ẹ kò ní fi ọwọ́ òfo darí wálé.